Iyọ̀ Màmá Stojanka

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Vodenička,
Strumica,
Masedóníà.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án, 2021.

Pavlina, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ ti fara balẹ̀, àbí òtútù Malmö ò jẹ́ kó sinmi? Kò sí ọjọ́ tí n kì í rántí rẹ, pàápàá lásìkò yìí tí òórùn tàtàṣé sísun gba gbogbo àdúgbò kan. Ara wa le níbí. Tome ọkọ mi kí ọ púpọ̀. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń ta tàtàṣé gidi lọ́hùn-ún, àbí èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá wé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni wé ọmọ ìkókó.

Ìgò ajvar mẹ́jọ, ọbẹ̀ tàtàṣé wa yẹn, ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Mo mọ̀ pé o ò bẹ̀ mí. Irọ́ ni mo fi orúkọ rẹ pa, jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọjọ́ Sátidé la ro ajvar tiwa. O ṣáà mọ ìyá ọkọ mi. Ẹnikẹ́ni lè sun tàtàṣé, ẹnikẹ́ni lè bó ikàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá Stojanka nìkan ló ń fi iyọ̀ sí i. Àwọn obìnrin àdúgbò pàápàá máa ń wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá àwọn fi iyọ̀ sí tàwọn. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, tí wọn ò sì lè lọ sóko mọ́, ohun kan ṣoṣo tí àdúgbò ṣì ń wá wọn wá fún nìyẹn. Iyì wọn ni.

Àárọ̀ la ti dáná ságbàlá. Ikonija, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wá bá wa bó èèpo. Ṣé o mọ̀ pé ó kó tàtàṣé lọ sídìí omi ẹ̀rọ kó lè tètè bó o! Màmá figbe ta.

"Ikonija! Ṣé aṣọ lò ń fọ̀ ni? Adùn ẹ̀ lò ń dà sí gọ́tà yẹn!"

"Màmá, ọwọ́ mi ń jó!"

"Kó jó! Ọwọ́ tí ò bá jó ò gbọdọ̀ jẹ níbẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bóyá èéfín náà wà níbẹ̀.

Èmi àti Màmá ń gba orógùn lọ́wọ́ ara wa kí ìdí ìkòkò má baà jóná, nígbà tí ẹni tó kó igi wá kanlẹ̀kùn, mo sì lọ dá a lóhùn ní gééti. Kí n tó padà, Màmá ti fi iyọ̀ sí i. Mo fi búrẹ́dì tọ́ ọ wò. Pavlina, bí ẹni bu iyọ̀ lásán sẹ́nu ni! Mo yíjú sí ògiri, mo ń ṣẹ́jú bíi pé èéfín ló kó sí mi lójú.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ikonija na búrẹ́dì tirẹ̀ bọ̀. Bí ẹnu yẹn bá fi lè kàn án, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo Strumica á ti gbọ́ pé iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ Màmá Stojanka. Mo já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dúró ná, kò tíì jinná! Mo tiẹ̀ gbàgbé, Pavlina ní ká ro tòun mọ́ ọn, ìgò mẹ́jọ."

Tome ń kùn, ó gbé àpò tàtàṣé tá a fẹ́ rẹ sínú ọtí kíkan jáde, la bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun. A lọ̀ ọ́, a dà á mọ́ ti àkọ́kọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé Màmá ò fọwọ́ kan àwo iyọ̀ mọ́. Nígbà tí Ikonija tọ́ ọ wò, ó lanu, ó ní, "Màmá, ọwọ́ yín yìí kì í tàsé!"

Ó lọ tán, à ń fọ ìkòkò, ni Màmá bá sọ̀rọ̀ láì wò mí.

"Rumena, ìyàwó mi, Pavlina ò bẹ ẹnì kankan ní nǹkan kan."

Mo tẹra mọ́ ìdí ìkòkò tí mò ń ha.

"Láti ìgbà tí mo ti ṣàìsàn lẹ́yìn Kérésì, ẹnu mi ò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà mọ́. Ojú ẹ ni mo fi ń sebẹ̀. Tó o bá tọ́ ọ wò tó o fajú ro, màá dín iyọ̀ kù. Tó o bá tún bù, mo mọ̀ pé ó ti dáa. Lónìí o ò sí níbẹ̀, mi ò wá lẹ́nu tí mo lè fi tọ́ ọ wò."

Mo sunkún, ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wo ẹnu mi nídìí oúnjẹ lọ́dún yìí, mo rò pé wọ́n ń ka òkèlè mọ́ mi lọ́wọ́ ni!

Wọ́n ti àwo iyọ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n máa gbà, ó ti di tèmi. Mo tì í padà.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ó máa fi í. Èmi á kàn máa dúró síbi tẹ́ ẹ ti ń rí mi."

Wọ́n fa àwo iyọ̀ náà mọ́ra.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, yéé máa fajú ro kiri ilé. Oṣù tó kọjá tí ìwọ àti Tome ń bínú síra yín, ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi jẹ ọbẹ̀ àtẹ́."

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnì kankan. Èmi àti Tome sì ti parí ìjà wa, kí ìdílé lè rí iyọ̀ jẹ.

Èmi ni tìrẹ, tẹ̀rín tẹ̀rín,
Rumena.