Àríwá Tí Mò Ń Lọ Kì Í Ṣe Òkè Ọya

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àdúrà lórí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ìlú òyìnbó níhìn-ín. Mo kí Bàbá, mo sì kí ẹ̀gbọ́n mi Sìkírátù tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé mò ń lọ sí àríwá, ẹ sì ti ròyìn ayọ̀ kárí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ẹ ti kun yàrá mi, ẹ ti ra kọ́tìnnì ní Jankara. Ẹ ní tí mo bá ti dé Kánò, rélùwéè á gbé mi wálé wá ṣe Iléyá. Màmá, ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo sunkún.

Kì í ṣe Òkè Ọya ni mò ń lọ o. Ó kọjá ìlú òyìnbó lọ sókè, níbi tí yìnyín ti bo orí òkun. Ṣé ẹ rántí àwọn ẹyẹ kéékèèké tó máa ń sáré létí ọ̀sà nígbà ọyẹ́, tí a kì í rí mọ́ tí òjò bá ti dé? Ẹ máa ń ní wọ́n ti lọ kí ẹbí wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ yé ẹyin. Ìtẹ́ wọn ni èmi àti àwọn ọ̀gá mi ń wá lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ ẹyẹ, tí ẹ fi bi mí pé ṣé adìẹ ni mo fẹ́ máa sìn.

A ti ń múra. Wọ́n rán kóòtù onírun fún mi, ó wúwo bí àpò gàrí. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń pàgọ́ nínú ìjì. Wọ́n ní oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Àárò ìrọ̀lẹ́ Èkó ń sọ mí: kí ìrun Màgíríbì ku díẹ̀, kí èéfín máa rú lójúde, kí ẹ máa pè mí lẹ́nu ọ̀nà pé kí n wá wẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè mí wọlé níbí.

Oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òkun wa máa gbéra. Tí mo bá bá wọn lọ, ó di ọdún kan gbáko kí n tó lè wálé. Tí mi ò bá lọ, ẹlòmíràn á gba ipò mi. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò tíì lè fọwọ́ sí i, torí mi ò tíì gbọ́ tẹnu ìyá mi. Ó yà á lẹ́nu.

Màmá, tí ẹ bá ní kí n máa bọ̀ nílé, màá bọ̀, mi ò sì ní bínú. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Màmá mi, ẹ ní kí n lọ.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùfútàù