Ayaba Lábẹ́ Igi Òrí

Ilé Adéwùmí,
Òkè Ọjà,
Tẹ̀dé,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Keje, 2025.

Samsudeen, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo dé Àgọ́-Àrẹ? Ìyá Àyọ̀ká ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òjò o, ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá. Gbémisọ́lá ọmọ mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní kó máa kọ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ ní Jímọ̀ tó kọjá kò kúrò lọ́kàn mi. O ní ojú mi ti lọ, o ní bíbá mi ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì ti di rírẹ́ afọ́jú jẹ, o fẹ́ gbé pátákó ayò náà fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìgbà tí mo yarí lo wá ka ipò àwọn ọmọ ayò fún mi, o ní kí n fi ọkàn nìkan pa ọba rẹ ní ìsún méjì. Bí mi ò bá rí i pa, ó parí nìyẹn. Ogójì ọdún la ti ń ta á, Samsudeen, látìgbà tí àgùnbánirọ̀ tó gbé ilé rẹ ti kọ́ wa!

Mi ò mọ̀wé. Oko bàbá mi ni mo tẹ́ sínú orí mi dípò pátákó: ebè mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òòró. Bí òjò bá dá lọ́sàn-án, tí mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo gbọ́ òórùn ilẹ̀, àwọn ebè náà á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ìkùukùu ń ká kúrò lórí wọn. Ọba rẹ wà lórí ebè ìpẹ̀kun, ní igun oko. Ọmọ ogun méjì dí iwájú rẹ̀. Ilé ìṣọ́ rẹ wà ní ìlà kan náà, àlàfo ebè kan ló wà láàrin wọn. Ẹṣin mi ń jẹko nítòsí. Ayaba mi ń wò wọ́n láti òkèèrè.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ọ̀nà! Adìẹ bà lókùn: ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Gbémisọ́lá ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà hàn yín.” Mo ní kó lọ máa wo ọbẹ̀ rẹ̀.

Lọ́sàn-án àná, oorun fẹ́ẹ́rẹ́ gbé mi, mo sì rí bàbá mi. Ó fẹ̀yìn ti igi òrí etí oko, ó ń jẹ iṣu sísun. O rántí igi náà; wọn ò kọ ebè síbẹ̀ rí nítorí gbòǹgbò. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ ọmọ yìí, o ṣì ń yípo? Wá jókòó, àyè wà.”

Mo ta jí. Àlàfo yẹn gan-an ni igi náà wà! Torí a kì í kọ ebè síbẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ó yá, gbọ́ ikú ọba rẹ. Ayaba mi wọ abẹ́ igi, ó dojú kọ ọ́. Ọba ò lè fọwọ́ kàn án, ẹṣin mi ń ṣọ́ ibẹ̀. Ilé ìṣọ́ rẹ ló gbọ́dọ̀ pa á, ó sì bọ́ sípò rẹ̀, ó há ọba tirẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀. Ẹṣin mi fò lẹ́ẹ̀kan péré. Ó tán. Ayaba náà ṣe mí láàánú, ṣùgbọ́n ibi tó tutù ló sùn sí.

Bá mi kí Ìyá Àyọ̀ká àti Muhydeen àbúrò rẹ. Gbé pátákó náà bọ̀ ní Jímọ̀, fún ojú tìrẹ. Tèmi ti wà nílẹ̀, bàbá mi sì ti sún fún mi lábẹ́ igi.

Èmi ni, olórí kunkun rẹ,
Isaac Adéwùmí.