Rẹ́jísítà Ìtọ́jú Alága

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Alága délé láti ilé ìwòsàn ẹranko. Òkúta mẹ́ta ni wọ́n fi abẹ yọ nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀ — ajá tí kò ga ju bàtà òjò mi lọ. Ìyàwó mi ló ni ín. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Alága, torí kò sí ìpàdé nínú ilé yìí tí kì í ti í gba àga tó dára jù. Wọ́n fi ike yí i lọ́rùn bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, kó má baà lá ojú abẹ. Ìyàwó mi tẹ́ kúbùsù tuntun fún un. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún èmi náà, ọjọ́ kẹta ni mo ti ń fọ abọ́.

Dókítà — ọmọ tí mo kọ́ nílé ìwé ni, ó ṣì ń pè mí ní Ọ̀gá — fún wa ní ogún hóró oògùn. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, láti ọ̀la lọ. Ó ní tí egbò yẹn bá fi lè kẹ̀, ajá lè bá a lọ. Ìyàwó mi ń nu ojú. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti kó lọ, Alága ló ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. (Èmi náà wà ńlé o.)

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Mo pe ìpàdé. Àwa mẹ́ta: èmi, ìyàwó mi, àti àbúrò rẹ̀ aránṣọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí a ń pè ní Télọ̀. Mo fi rúlà fa rẹ́jísítà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Oògùn àárọ̀, Télọ̀. Oògùn ìrọ̀lẹ́, èmi. Egbò, ìyàwó mi. Ẹni tó bá ṣe tirẹ̀, kó máàkì. Ẹni tí kò bá ṣe é, màá fi bírò pupa kọ "Kò wá" síwájú orúkọ rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé fún ọgbọ̀n ọdún. Mo sọ ìtàn olùkọ́ tó máàkì ọmọ tí kò sí ní kíláàsì, bí mo ṣe lé olùkọ́ náà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi. Télọ̀ yán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Mo wé hóró sínú búrẹ́dì. Alága jẹ búrẹ́dì, ó dá hóró padà fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹrin ló tó gbé e mì. Akọni ni mí. Mo máàkì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi àti Télọ̀ wò ó parí. Kí n tó rántí oògùn, Alága ti sùn — ta ló ń jí aláìsàn? Ṣùgbọ́n ìtìjú ni rẹ́jísítà tó ní àlàfo. Mo máàkì.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Mo máàkì ṣáájú, kí n má baà gbàgbé. Mo gbàgbé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Alága bù mí jẹ ní àtàǹpàkò. Mo fìyà jẹ ẹ́: kò sí oògùn. Mo máàkì.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Àlejò wá. Mo ṣàlàyé rẹ́jísítà fún wọn títí wọ́n fi ń wo aago. Lálẹ́ mo ní kò rẹ̀ mí tó báyìí rí, ọ̀la ni oògùn. Máàkì. Kò sí àlàfo kan ṣoṣo!

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Alága ò dìde. Egbò wú, ọyún ń jáde. A gbé e sáré lọ.

Dókítà bi wá bóyá ó ń lo oògùn. Mo na rẹ́jísítà sí i. Ó wò ó dáadáa. "Ọ̀gá, ìwé yín ṣì mọ́ bíi ti àtijọ́. Ìgò oògùn dà?" Ó da hóró sí àtẹ́lẹwọ́, ó kà wọ́n. Mẹ́jọ ló yẹ kó kù. Mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi yíjú sí àbúrò rẹ̀. Télọ̀ ní lóòótọ́ ni, òun gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, òun sì máàkì. Ìyàwó mi ní ẹ̀ẹ̀kan kọ́, márùn-ún ni, òpùrọ́. Télọ̀ wò mí. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lónìí, orí sì wọ́.

Wọ́n dá Alága dúró síbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Láàárọ̀ mo gbọ́ tí ìyàwó mi ní "Ṣé o jí dáadáa?" nínú pálọ̀. Ó wá rántí pé àga ṣófo. Dókítà ní ara Alága ṣì gbóná, ká máa gbàdúrà. Télọ̀ ò jẹun nílé. Ìyàwó mi ò dá a lóhùn.

Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí fún ajá yẹn, ta ni màá sọ fún?

Nírọ̀lẹ́ mo pe ìpàdé. Mi ò mú rúlà. Mo ní, "Ẹyọ kan ni ti Télọ̀. Mẹ́rin yòókù, èmi ni."

Ìyàwó mi ò pariwo. Ó yọ bírò pupa nínú àpò àyà mi, ó lọ síbi fíríìjì, ó kọ ọ́ síwájú orúkọ mi: Kò wá. Kò wá. Kò wá. Kò wá. Ó wá bẹ àbúrò rẹ̀. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Télọ̀ ní kò tọ́ kí ẹ̀gbọ́n máa bẹ òun, ó sì lọ bu oúnjẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Ara gbígbóná Alága ti ń rọlẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Alága délé, ó ti rù. Oògùn tuntun. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, eékún mi ń dún, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó wò mí pẹ́ láti inú àrọ rẹ̀. Ó lá hóró náà, ó gbé e mì.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n ya ẹnu Alága kí òun rí i. Mo yà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ahọ́n, kó tó lọ máàkì.