Apá Tí Àwọn Nọ́ọ̀sì Wa Fi Kọ́ṣẹ́

Sí ìyàwó, àwọn ọmọ àti gbogbo ẹbí Bàbá Olùkọ́ Awakọ̀,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, síbẹ̀ tí orí wa ń wú nítorí irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ni àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ ìwé yìí sí yín lórí ìpapòdà Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá láyè kí a bá yín pè wọ́n ní tiwa.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni Bàbá kọ́kọ́ wọ ọgbà wa, lọ́sẹ̀ tí wọ́n kúrò ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Wọ́n sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì tuntun tó fẹ́ gún àwọn lábẹ́rẹ́ ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Wọ́n ní àwọn bi nọ́ọ̀sì náà pé kí ló fi kọ́ṣẹ́. Ó ní apá rọ́bà ni.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà," ni Bàbá wí. "Kò sẹ́ni tó jókòó sí pálọ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ẹ wá lo apá tèmi."

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá ń wá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níṣojú olùkọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á di aláìsàn oníjàgídíjàgan, wọ́n á ní àwọn ò jẹun, àwọn ò gbóògùn, kí àwọn ọmọ lè kọ́ bí a ti ń fi ohùn tútù bá ẹni tí ara ń ro sọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìkanra dáhùn, wọ́n á ní, "Rìfáàsì, ọmọ mi. Padà sẹ́yìn, kí o tún wọlé."

Ọmọ aránṣọ kan wà lára wọn, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, ọmọ jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gún Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni iṣan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí apá wú, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ jù sílẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sá jáde. Ó ti ń di ẹrù ní yàrá rẹ̀, ó ní òun ń padà sídìí máṣíìnì ìyá òun, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sáré wọlé: "Bàbá ò tíì lọ o! Wọ́n ní apá kan ló wú, àwọn ṣì ní ìkejì."

Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi dúró dè é. Nígbà tó dé, wọn ò bá a wí, wọn ò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Wọ́n na apá òsì: "Ẹni tó gun òkúta lẹ́ẹ̀kan ló mọ ibi tí òkúta wà. Ó yá, wakọ̀." Ó fara balẹ̀, ó wá iṣan, ó gún un. Ẹ̀jẹ̀ wá. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́, àfi Bàbá, nítorí abẹ́rẹ́ ṣì wà lápá wọn.

Ọmọ yẹn ti di nọ́ọ̀sì. Lọ́sẹ̀ kìíní tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, wọ́n gbé ọmọ jòjòló kan wá, ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Nọ́ọ̀sì àgbà méjì wá iṣan títí, wọn ò rí i. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gún un tó rí i. Ọmọ náà yè. Nọ́ọ̀sì yìí ló bẹ̀ wá pé kí a kọ èyí, nítorí ó ti fẹ́ wá ròyìn rẹ̀ fún Bàbá fúnra rẹ̀, àmọ́ ikú ti ṣíwájú.

Ìyá wa, Bàbá sọ fún wa, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé ẹ máa ń fi aṣọ gbígbóná tẹ apá náà, tí ẹ ó máa kùn pé ṣé torí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe bí ọkọ yín ni. Ẹ ṣeun. Apá tí ẹ tọ́jú yẹn ti kọ́ nọ́ọ̀sì igba ó lé méjìlá níṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò máa yà sílé yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ọmọ yín ni wọ́n. Ẹ má lé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Kí Ọlọ́run tó fún Bàbá ní ọkàn tí kì í sá fún ìrora nítorí ọmọ ẹlòmíràn fọwọ́ ara Rẹ̀ nu omijé yín. Kí Ó dúró ti ìyá, kí Ó mójú tó àwọn ọmọ, kí ọjọ́ jìnnà síra, kí oorun sì padà wọ ojú yín.

Àwa ni,
Ọ̀gá, àwọn olùkọ́ àti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì