Kọfí Tó Ń Rùn Bí Ẹja

Ìyá Ìbejì,

Èmi ni mo gbé kọfí ẹ sínú fíríìjì lánàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja gbígbẹ, mi ò sì dé e. O ti sọ ọ́ títí pé inú agolo onídèérí ni kó máa wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Etí mi ló di.

Màámi yà wá lónìí lẹ́yìn tó o jáde, mo sì po kọfí náà fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n yínmú: “Ṣé bí ìyàwó ẹ ṣe ń tọ́jú ilé nìyí?” Mo ṣe bí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Kọfí tuntun ti wà nínú agolo. Má tíì pe Màámi o. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ báyìí. Ẹnu tó dákẹ́ níwájú wọn náà ló máa lọ jẹ́wọ́.

Bàbá wọn