Ìlà Àwọ̀ Ewé Lára Ògiri Yàrá Ẹ̀yìn: Ìgbésí Ayé Olóògbé Alàgbà Babájídé Àkànní Ògúndìran (1957–2024)

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí kì í kúrò lẹ́nu Bàbá wa. Ẹbí fi ṣíwájú ìtàn yìí kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn lè mọ ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn títí wọ́n fi lọ.

Ìlú Ìlaró ni wọ́n bí Alàgbà Babájídé Ògúndìran sí ní ọdún 1957. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, amọ̀kòkò sì ni ìyá wọn, Màmá Àbẹ̀bí. Àkànní, ọmọ a-tẹlẹ̀-wò-kó-tó-gbẹ́sẹ̀, ọmọ a-múlé-dúró-bí-àpáta. Ẹsẹ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ àdúrà, òwe àti èèwọ̀. Màmá Àbẹ̀bí a máa sọ pé a kì í wọn ibi tí alààyè ń sùn sí, nítorí òkú ni káfíńtà ń wọ̀n fún pósí. Bàbá di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin.

Wọ́n parí ìwé mẹ́fà ní 1970. Ní 1976 wọ́n dé Òjó, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ bírìkìlà lọ́dọ̀ Bàbá Owólabí, ọmọ Àwórì kan tí kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Nígbà náà, róbà tí a rọ omi sí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilé tẹ́jú. Ibi tí omi bá dúró sí ní ẹnu méjèèjì róbà náà, ibẹ̀ ló dọ́gba.

Ní 1984 wọ́n fẹ́ Màmá wa, Mosúnmọ́lá, nínú ìjọ aláṣọ funfun ní Okokomaiko, níbi tí wọ́n ti di Alàgbà lẹ́yìn náà. Ní 1988 wọ́n kọ́ ilé tiwọn sí Ìbà. Àbàtà ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo àdúgbò ti ṣe, pàǹtírí àti ìyẹ̀fun igi láti ilé ìlagi ni wọ́n fi dí i, wọ́n wá da yẹ̀pẹ̀ pupa bò ó. Ojú ilẹ̀ náà dán. Yàrá ẹ̀yìn ni ìyá àgbẹ̀bí ìjọ ti gbẹ̀bí Dámilárá àti Moṣọpẹ́.

Ní 2019, Tófúnmi, àkọ́bí wọn, ra ẹ̀rọ lésà fún wọn ní Alaba. Ẹ̀rọ kékeré ni, tí ń tan ìlà àwọ̀ ewé tó tẹ́jú gbọọrọ sára ògiri. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé e lé bá a wá, àti ẹ̀yà pẹlẹbẹ kan tí ń bá ni wá ìlà náà nígbà tí oòrùn kò bá jẹ́ ká rí i. Tí ẹ̀yà yìí bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ìlà, á máa ké wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá bọ́ sórí rẹ̀ gan-an, igbe rẹ̀ á di ọ̀kan ṣoṣo tí kò ní í dákẹ́. Àwọn bírìkìlà Ìyànà Ìbà fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé Bàbá fẹ́ ya ilé ní pásípọ́ọ̀tù ni. Bàbá ní ilé tí kò bá dúró jẹ́ẹ́, fọ́tò rẹ̀ kò lè dára.

Wọ́n fi ẹ̀rọ yìí tẹ́ pẹpẹ ìjọ. Wọ́n fi tẹ́ gọ́tà àdúgbò láìgba ohunkóhun. Ilé tiwọn nìkan ni wọn kò jẹ́ kó wọ̀n, nítorí èèwọ̀ Màmá Àbẹ̀bí.

Ní ọdún tó kọjá, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra rẹ̀. Wọ́n á pa á dé, á tún rọra ṣí, bíi pé àlejò ń yọjú. Àwọn ará ìjọ wá gbàdúrà, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán wọlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, wọ́n tan àbẹ́là káàkiri. Epo gbogbo àbẹ́là náà ṣàn sí igun kan ṣoṣo.

Ìgbà yẹn ni Bàbá ṣẹ́ èèwọ̀ ìyá wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ nínú yàrá, iná rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Bó ti ń ṣe nìyẹn bí ilẹ̀ bá dagun jù fún un. Wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́, wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Ìyànà Ìbà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Nǹkan kan kò ṣe é. Wọ́n wá gbé e sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní pálọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti le, ìlà sì gba ẹnu ọ̀nà kọjá sára ògiri yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì sójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wò ó lẹ́yìn òjò, ìlà wà níbi tó wà, àmì ti sọ̀kalẹ̀. Wọ́n sàmì mìíràn. Ìyẹn náà sọ̀kalẹ̀.

Bàbá sọ fún Màmá lójú gbogbo wa pé, "Ìyá Tófúnmi, ilé yìí ti gbéra. Kò kàn sọ ibi tó ń lọ fún wa ni."

Màmá dáhùn pé, "Bàbá Tófúnmi, yàrá tí mo bímọ sí kò lè lé mi jáde."

Bàbá kò ní í fi Màmá sílẹ̀ nìkan, wọn kò sì lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá, 2024, Màmá gbọ́ igbe ẹ̀yà náà, ọ̀kan ṣoṣo, tí kò dákẹ́. Wọ́n tọ ohùn náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Bàbá jókòó sórí àga lábẹ́ àwọn àmì pẹ́ńsù, ẹ̀yà náà nínú àpò àyà wọn, ìlà tí oòrùn bò mọ́lẹ̀ sì gba àyà wọn kọjá. Wọ́n ti sùn. Dókítà ní ọkàn wọn ló dáwọ́ dúró.

Àṣà wa ni kí a sin bàbá sínú ilé tí ó kọ́. Bàbá ti kọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lọ. Ìtẹ́ òkú Ọ̀tọ̀-Àwórì ni a ń gbé wọn lọ lónìí.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ìyàwó wọn, Mosúnmọ́lá. Àwọn ọmọ wọn, Tófúnmi, Dámilárá àti Moṣọpẹ́. Àti àwọn ọmọ-ọmọ, Ọpẹ́olúwa àti Ìṣẹ́gun. Àkànní, kí ilẹ̀ tí kò mì gbà yín mọ́ra. Olúwa tí í ṣe Àpáta yóò tẹ́ ibùsùn yín. Ẹ sùn re.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a sọ nílé tí Màmá kò gbà, la ṣe kọ ọ́ síbí lójú ìjọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí Bàbá lọ, àmì náà sọ̀kalẹ̀ ju gbogbo èyí tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní bí oòrùn bá ti mú, àwọn ṣì ń gbọ́ ẹ̀yà náà tó ń ké nínú yàrá, pé Bàbá ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ Dámilárá ni bátìrì ẹ̀yà náà wà láti ọjọ́ tí Bàbá lọ.

Màámi, èmi Tófúnmi ni. Bí a bá kúrò ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, ẹ bá mi lọ sílé mi ní Okokomaiko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà sùn sí yàrá yẹn.