Ohun Tí Ọkọ Mi Sọ Lórí Afẹ́fẹ́

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Alẹ́ṣinlóyè,
                                        Sùúrùlérè, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kejìlá, 1958.

Làbákẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọyẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ káfíńtà ń lọ déédéé? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀? Mo gbọ́ pé Ọmọ́ṣaléwá ti ń rìn. Ọlọ́run yóò dá a sí fún wa, kò ní fi ẹsẹ̀ kọ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìdíátù àti àbúrò rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé, oúnjẹ ò sì sú wọn. Ara gbogbo wa le. Inú mi nìkan ni kò rọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti wó agboolé wa n'Ísàlẹ̀ Èkó, tí ìwọ gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ, tí wọ́n kó àwa wá sí Sùúrùlérè, n kò tíì rí ẹni tí mo lè tú inú mi sí bíi tìrẹ. Àwọn aládùúgbò mi níbí ṣe ènìyàn, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, àwọn aládùúgbò náà bá mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Ìdí tí inú fi ń bí mi gan-an nìyẹn. Wàá sì rí i pé n kò kọ "wọ́n" fún Bàbá Ìdíátù nínú lẹ́tà yìí. "Ó" ni mo ń kọ. Má bá mi wí.

O rántí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aláwọ̀ eérú tí èmi àti ọkọ mi jọ dá owó rà, kó lè máa fi gbé èmi àti àwo tánganran tí mò ń tà lọ sí ọjà Tẹ́júoṣó láìwo ojú ọlọ́mọlanke. O sì mọ̀ pé Tìrìmísíyù tí mo fẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tó ti ti ogun Bóómà dé, níbi tó ti ń fi rédíò jíṣẹ́ fún àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀, "ẹ kú ilé" àti "ó dàárọ̀" ni gbogbo ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àfi tó bá jókòó ti rédíò rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tó wà ní pálọ̀ gbogbo ènìyàn o. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni ti pálọ̀, yóò sọ̀rọ̀ sí ọ, o kò sì lè dá a lóhùn. Tirẹ̀ ń gba èsì. Ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ. Òun àti àwọn bíi tirẹ̀ wà káàkiri ayé, wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, wọn kì í fi polówó ọjà, wọ́n kàn fẹ́ràn láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú ni.

Ilé wa há, kò sí ibi tó lè ri òpó gíga tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ mọ́, ló bá gbé e sínú ọkọ̀. Làbákẹ́, ó lu ihò sí ara ọkọ̀ mi! Ó fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lẹ́yìn, tó ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ, tó ń mì lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ bí igi ìpẹja. Ó fa wáyà tó nípọn bí ìka ọwọ́ láti ìdí bátìrì gba abẹ́ ẹsẹ̀ wa lọ sẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gbóná, yóò sì jó wa mọ́nú ọkọ̀. Ibi tí ẹrù mi ń jókòó sí ló gbé àpótí rédíò náà lé, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí kíkankíkan, tó ń sọ agbára bátìrì di ńlá. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà á máa kùn bí oyin tí wọ́n tọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò náà, kí bátìrì má bàa kú. Pẹtiróòlù ń jó, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan! Nígbà tó tún yá, ó ní ẹ́ńjìnnì ń pariwo sí òun létí nínú rédíò, ló bá ń fi ọjọ́ ìsinmi kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó ń wá bí yóò ṣe pa á lẹ́nu mọ́.

Mo fara dà á. Mo ní ọkùnrin yìí kò mutí, kò sì tẹ̀lé obìnrin, rédíò ni tirẹ̀. Mo wá ń gbé àwo mi lé itan lọ sọ́jà.

Ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó wa ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ gbangba kan lọ́nà Ìpọ̀nrí, níbi tó ti máa ń sọ̀rọ̀. Èmi lọ sí ọ̀dọ̀ Sìmíátù tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń bá mi di irun. Bùrọ̀dá Yẹ̀kínnì, ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe télọ̀, ní rédíò ńlá kan tó ń gbọ́ òkè òkun. Ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá ìròyìn, ni ohùn kan bá jáde láàárín ariwo, tó ń sọ Yorùbá kedere. Ọwọ́ Sìmíátù dúró lórí mi.

Ó ní, "Àmúdàtù, ṣé kì í ṣe Bàbá Ìdíátù nìyẹn?"

Òun ni. Ambrose ló ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n jọ jagun ní Bóómà, tó ń ṣòwò ní Kùmásì báyìí, tí òun náà sì ní irú rédíò bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn nígbà náà, mo tiẹ̀ gbé orí sókè. Ọkọ mi nínú rédíò onírédíò! Ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́, ẹ̀rín tí èmi ò gbọ́ nínú ilé mi rí.

Ni Ambrose bá bi í pé, "Ọkọ̀ òkun yẹn ńkọ́, ṣé ó ti dájú?"

Ọkọ mi ní, "Ó dájú. Oṣù Kìíní la ó gbéra. Ilé-ẹ̀kọ́ rédíò tí mo kọ̀wé sí ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbà mí. Ọdún mẹ́ta ni."

"Ìyàwó wa ńkọ́?"

Ó wá ní, "N kò tíì sọ fún un. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, màá sọ. Màá ta ọkọ̀ yìí, òun àti àwọn ọmọ á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Igbó."

Bùrọ̀dá Yẹ̀kínnì na ọwọ́ pé kí òun pa rédíò náà. Mo ní, "Ẹ má pa á. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ibi tí wọ́n máa gbé mi sí."

Ta ọkọ̀ mi! Kó èmi àti ọmọ mi bí ẹni ń kó àpò gàrí! Ẹni tó wà ní Kùmásì mọ̀, télọ̀ mọ̀, afẹ́fẹ́ lásán mọ̀, èmi tí mò ń sùn tì í ni kò mọ̀. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, àmọ́ ní ti ọkọ mi, òde ni mo ti lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé mi. Mo dìde. Ìdajì irun mi wà ní dídì, ìdajì dúró ṣánṣán, n kò wé gèlè. Sìmíátù ń sáré tẹ̀lé mi, ó ń ní "Àmúdàtù, fara balẹ̀, torí Ọlọ́run," títí a fi dé Ìpọ̀nrí.

Ọkọ̀ náà wà láàárín pápá, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n. Ó kọjú sẹ́yìn síbi tí rédíò rẹ̀ wà, kò rí mi. Mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó pàdé òkú ẹbí rẹ̀ lọ́jà.

Mo ní, "Bàbá Ìdíátù, ẹ gbé e fún mi."

"Kí ni?"

"Nǹkan tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ yẹn."

Ó ní òfin kò gbà á, pé ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní òfin wo ló gbà kí ènìyàn máa ta ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́? Ó wò mí, ó gbé e fún mi. Mo tẹ bọ́tìnnì tó wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Mo ní, "Bùrọ̀dá Ambrose, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Èmi ni Àmúdàtù, tí ẹ̀yin méjèèjì ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó." Mo sọ fún un bí a ṣe ra ọkọ̀ náà. Mo sọ fún un ẹni tó ń di ọkọ mi mú nígbà tí ibà tó kó bọ̀ láti Bóómà bá ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Mo ní ìgbà wo ni ìyàwó di àlejò nínú ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀?

Bàbá Ìdíátù fọwọ́ kàn mí. Ó ní, "Fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Tí o bá ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò lè dá ọ lóhùn."

Mo ní, "N kò tíì parí."

Ìgbà tí mo parí ni mo fi sílẹ̀. Ohùn Ambrose jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko olóko: "Ìyàwó wa, mo dọ̀bálẹ̀. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń sọ fún un pé kó jẹ́ kí ẹ mọ̀." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ bọ́tìnnì ni ohùn mìíràn bá já wọlé, tó lọ sókè gan-an, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí: "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má bínú. Èmi wà n'Íbàdàn níbí. Èmi náà ti bá wọn sọ ọ́."

Làbákẹ́, Ìbàdàn náà mọ̀!

Mo gbé nǹkan wọn padà fún ọkọ mi. Kó tó gbé e sẹ́nu, ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó sì kú. Pẹtiróòlù ti tán. Ó rọra pa rédíò kí bátìrì má bàa bá a lọ. Gbogbo ibẹ̀ wá dákẹ́, àfi ọyẹ́ tó ń fẹ́ koríko. Mo bi í pé kí ni mo ṣe fún un.

Ó ní, "Kì í ṣe pé mo rò pé o máa kọ̀. Mo mọ̀ pé o máa ní kí n lọ ni. Tí o bá sì ti ní kí n lọ, n kò lè yí padà mọ́. Mo ti dàgbà kọjá ọmọ ilé-ìwé. Tí mo bá lọ fìdí rẹmi lọ́hùn-ún, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ọ́? Ambrose kò rí ojú mi ní tirẹ̀."

Ó wọ̀ mí lára, àmọ́ kò pa iná inú mi. Mo ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ara yín kí ẹ lè rí ibi sá padà, ẹ wá ti tèmi mọ́ mi lójú." Mo ní, "Ẹ máa lọ. Tí ẹ bá yege, ẹ ó padà wálé wá jẹun. Tí ẹ kò bá yege, ẹ ó padà wálé wá jẹun. Ṣùgbọ́n ilé ìyá mi kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó aya pa mọ́ sí. N kò ní kúrò ní Sùúrùlérè, ọmọ mi kò ní fi ilé-ìwé wọn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní ta ọkọ̀ mi. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òkun, ẹ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á."

Ó ní, "Ìwọ? Wa ọkọ̀?"

Mo ní, "Ẹ bọ́ sílẹ̀, ká kọ́kọ́ tì í délé ná."

Bí èmi, òun àti Sìmíátù ṣe ti ọkọ̀ gba àárín àdúgbò nìyẹn. Àwọn ènìyàn ń kí wa kú iṣẹ́, ojú wọn sì ń sọ pé àwọn ti gbọ́. Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ ní kí n bá òun kí wọn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó ti tú rédíò náà kúrò báyìí, àwo mi ti padà sáyè rẹ̀. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a máa ń lọ sí pápá kan náà. Mo ti fi ọkọ̀ kọlu òkìtì ọ̀gán, Bàbá Ìdíátù ya ẹnu, ó tún pa á dé. Bùrọ̀dá Yẹ̀kínnì ń sọ kiri pé òun kò rí obìnrin aláwo tó ń wa ọkọ̀ rí. Yóò rí i.

Inú ṣì ń bí mi. Má kọ̀wé sí mi pé kí n ṣe sùúrù o, orúkọ àdúgbò tí mò ń gbé nìyẹn, ó tó mi.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Fẹnu ko Ọmọ́ṣaléwá lẹ́nu fún mi. Ìdíátù ní kí n kí ọ.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Nínú oṣù Kìíní, tí mo bá ránṣẹ́ ọjọ́ náà sí ọ, wá bá mi dúró létí omi ní Àpápá. Mo ti pinnu pé kò ní rí omijé lójú mi, kò tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ti ṣí, tó bá ti jìnnà débi tí kò lè rí ojú mi mọ́, kí o dì mí mú.

Èmi ni tìrẹ, bí a ṣe wà n'Ísàlẹ̀ Èkó,
Àmúdàtù